Àríyànjiyàn táyà, láti Old Garage dé Akódà

Kí oorun tó gbé mi lọ, ẹ jẹ́ n yáa kọ ọ́ sílẹ̀: táyà kẹ̀kẹ́ tó le koko kọ́ ló ń sáré jù, pàápàá lórí títì tiwa níbí. Ọ̀rọ̀ yìí ni àwa tá a jọ ń gun kẹ̀kẹ́ bá ara wa fà láti Old Garage ní Òṣogbo títí dé Akódà ní Ẹdẹ láàárọ̀ yìí, a tún fà á padà wálé, ẹni tí ò gbà ò gbà, ẹni tó gbà náà tún lọ gbà á kọjá bó ṣe yẹ kó gbà á, ìyẹn ń bọ̀ níwájú.

Sátidé la máa ń jáde, kí oòrùn tó mú. A ò pọ̀ lónìí, ìnáwó ti kó àwọn yòókù lọ, ẹ ṣáà mọ̀ pé tó bá ti di Sátidé ní Òṣogbo kò sí àdúgbò tí wọn ò ti ta kánópì. Tíṣà wá, Ẹ̀gbọ́n Báńkà wá, Àǹtí Nọ́ọ̀sì wá, àti àbúrò kan tó ń kàwé ní UNIOSUN tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra kẹ̀kẹ́ eré, tòkunbọ̀ ni o, àmọ́ ó ń dán gbinrin, táyà ẹ̀ tín-ín-rín, 23 ni wọ́n kọ sí i lára, ìyẹn mìlímítà 23 péré ní fífẹ̀. Ká tó gbéra a máa ń yẹ kẹ̀kẹ́ ara wa wò, èèyàn á di bíréèkì mú, á tì í síwájú sẹ́yìn, á gbé ẹsẹ̀ iwájú sókè díẹ̀ á sọ ọ́ sílẹ̀, tí nǹkan kan bá ń mì, etí á gbọ́ ọ. Ibi tí mo ti fọwọ́ tẹ táyà àbúrò yìí lọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Èèyàn lè fi táyà yẹn pa ẹ̀kùrọ́! Mo ní èló lo fún un, ó ní 120 (PSI ni o, òun la fi ń wọn bí atẹ́gùn inú táyà ṣe le tó), pé ohun tí wọ́n kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà nìyẹn. Mo ní àbúrò mi, ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ yẹn, ibi tí atẹ́gùn ò gbọdọ̀ kọjá ni, ẹnikẹ́ni ò ní kó o dé ibẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n Báńkà ò jẹ́ n parí ẹ̀. Wọ́n ní táyà tó bá rọ̀ ń fa èèyàn sẹ́yìn, pé ọmọdé gan-an mọ̀ bẹ́ẹ̀, pé kí n má kó àbúrò yìí ṣìnà. Mo ní Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, tó bá jẹ́ orí sìmẹ́ńtì tó jọ̀lọ̀ ni mo lè gbà fún yín díẹ̀, àmọ́ ẹ wo títì tá a fẹ́ gùn yìí. Òkúta wẹ́wẹ́, ibi tí wọ́n gbẹ́ tí wọ́n fi yẹ̀pẹ̀ dí, ibi tí ọ̀dà ti ṣí. Tí táyà bá le jù, gbogbo nǹkan kéékèèké yẹn ló máa gbé ẹ fò, agbára tí ẹsẹ̀ ẹ fi ń tẹ pẹ́dà tó yẹ kó gbé ẹ lọ síwájú, òkè ló ń gbé ẹ lọ. Táyà tó bá rọ̀ níwọ̀n máa ń gbé òkúta yẹn mì, kẹ̀kẹ́ á máa lọ ní tiẹ̀. Wọ́n ní àlọ́ ni. Èyí tó wá ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé àwọn gan-an tó ń sọ̀rọ̀ eré yìí, táyà oníkókó, ti kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń gun òkè, ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ wọn, tó bá ti dórí ọ̀dà á máa kùn wùùù, èèyàn á ti gbọ́ ọ kó tó rí wọn.

Ẹni tó bá sì fẹ́ mọ̀ ìdí tí wọ́n fi ṣe táyà ẹlẹ́fúùfù rárá, dókítà ẹranko kan, John Boyd Dunlop, ọmọ Scotland tó ń ṣiṣẹ́ ní Belfast, òun ló ṣe èyí tó tàn káyé, ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ẹ̀ lọ́dún 1888. Ọmọ ẹ̀ ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta, rọ́bà tó ki pọ́pọ́ ló wà lẹ́sẹ̀ ẹ̀, ó ń gbọn ọmọ náà jìgìjìgì lójú títì. Torí kó má baà gbọ̀n mọ́ ni bàbá yẹn fi ki atẹ́gùn sí i. Èèyàn wá fẹ́ fi pọ́ǹpù sọ ọ́ di rọ́bà tó ki pọ́pọ́ padà, kí la gbà kí la fún un?

A gba Ọláìyá, a já sí Ògo-Olúwa, a kọjú sọ́nà Gbọ̀ngán. Lójú ọ̀nà yẹn a kì í tò ní méjìméjì, tírélà ò mọ̀ pé ẹ̀ ń ṣe fáàjì. Ẹnì kan níwájú, àwọn yòókù tẹ̀lé e, ẹni iwájú ló ń la atẹ́gùn fún àwọn tó kù, tó bá rẹ̀ ẹ́ á yà sẹ́yìn kí ẹlòmíì bọ́ síbẹ̀. Òun náà ló ń pariwo "kòtò!" tó sì ń fọwọ́ júwe ẹ̀gbẹ́ tó wà, ẹni ìkẹyìn ló ń pariwo "ọkọ̀ o!" Lónìí èmi ni ìkẹyìn, ohùn mi ti há báyìí.

Ní Akódà a ya ìdí àkàrà. Ọ̀rọ̀ tún bẹ́. Tíṣà ló gbé ìdíje kẹ̀kẹ́ àgbáyé ti Kigali délẹ̀, ti September 2025, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n máa gbé e wá sí Áfíríkà, tí Pogačar, ọmọ Slovenia, gbà ní ti àwọn ọkùnrin, kìlómítà 267.5, òkè lórí òkè, èèyàn 30 péré ló gùn ún parí. Ó ní ohun tó dun òun ni pé òun ò sí ní Rùwáńdà lọ́jọ́ yẹn. Ibẹ̀ la ti bọ́ sórí Biniam Girmay, ọmọ Eritrea, tó gba ìpele mẹ́ta ní Tour de France 2024, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ti ilẹ̀ Faransé, tó tún wọ ẹ̀wù aláwọ̀ ewé ti ẹni tó kó máàkì jù délé, aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ láti Áfíríkà tó máa gba ìpele kankan níbẹ̀. Inú gbogbo wa dùn bíi pé Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun ni wọ́n ti bí i. Mo wá rí àyè, mo ní ó dáa bẹ́ ẹ ṣe dárúkọ wọn, ṣé ẹ mọ táyà tí wọ́n ń lò? 23 yẹn ni gbogbo wọn ń lò láyé ọjọ́sí, wọ́n ti kúrò níbẹ̀ tipẹ́, 28 ni wọ́n wà báyìí tàbí kó fẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, atẹ́gùn inú ẹ̀ sì ti wálẹ̀ gan. Àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ jẹun nìyẹn o, títì wọn dẹ̀ dáa ju tiwa lọ. Ẹ̀gbọ́n Báńkà jẹ àkàrà, wọn ò fèsì. Àbúrò ń gbọ́.

Kí n tó gbàgbé, ọ̀rọ̀ orúnkún Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Látìgbà tí wọ́n ti ń bá wa jáde ni wọ́n ti ń ráhùn pé iwájú orúnkún ń dùn àwọn, wọ́n ti fi róòbù pa á, wọ́n ti wọ báńdéèjì, wọ́n rò pé ọjọ́ orí ni. Tíṣà dúró wò wọ́n bí wọ́n ṣe ń bọ̀, ó ní Àǹtí, sítì yín ló wálẹ̀ jù. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí ẹsẹ̀ àwọn méjèèjì tẹlẹ̀ báwọn bá jókòó ni. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀rù ìṣubú ni, àmọ́ tí sítì bá wálẹ̀ jù, orúnkún á máa ká jù nígbà tó bá ń tẹ pẹ́dà, egungun iwájú ẹ̀ ló ń jẹ̀yà ẹ̀. Tíṣà ní kí wọ́n fara ti ògiri lórí kẹ̀kẹ́, kí wọ́n gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dà, kí pẹ́dà lọ sí ìsàlẹ̀ pátápátá: ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán, tí wọ́n bá wá fi ibi tó fẹ̀ níwájú àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ bó ṣe yẹ, orúnkún á ká díẹ̀. Tiwọn, gìgísẹ̀ wà lórí pẹ́dà, orúnkún ṣì ká kalẹ̀ bíi ti ẹni tó jókòó sórí àpótí. Ó tú nọ́ọ̀tì, ó fa páìpù sítì sókè díẹ̀díẹ̀, ó ń wo ìlà tí wọ́n fà sára páìpù yẹn kó má baà yọ síta, torí tí ìlà yẹn bá yọ, páìpù lè kán tàbí kó ba férémù jẹ́. Àǹtí ń pariwo, ṣé ẹ fẹ́ kí n ṣubú ní ìlú onílùú ni? Ó ní tẹ́ ẹ bá fẹ́ dúró, ẹ sọ̀ kalẹ̀ kúrò lórí sítì síwájú, ẹ fẹsẹ̀ kan tẹlẹ̀, ẹ má jókòó dúró. Wọ́n gbìyànjú ẹ̀ lọ bọ̀ níbẹ̀, ìyá alákàrà ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tá a ń padà, iwájú ni wọ́n wà.

(Kẹ̀kẹ́ tiwọn ṣì bá wọn mu o. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tòkunbọ̀ tó ń ti Hólàǹdì wá, èèyàn gíga ni wọ́n ṣe é fún, wọ́n á tà á fún ẹni kúkurú, á máa na apá kó tó bá ọwọ́ kẹ̀kẹ́, ọrùn á máa ro ó, á ní kẹ̀kẹ́ ò dáa fún ara òun.)

Ó wá ku ti àbúrò. Ká tó kúrò ní Akódà, bó ṣe gbọ́ ọ̀rọ̀ Pogačar, kò sọ fún ẹnikẹ́ni, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́ ẹ̀, ó ṣí ẹnu tíúbù, ó jẹ́ kó máa yọ títí tó fi rọ̀ lábẹ́ àtàǹpàkò. Iwájú àti ẹ̀yìn. A ò tíì wọ Ògo-Olúwa tán, ibi kan wà tí wọ́n la títì kọjá tí etí ọ̀dà mú ṣáṣá, Tíṣà pariwo kòtò, àbúrò ò tètè yà, gbàù! lẹ́yìn náà ṣììì. Nígbà tá a tú tíúbù jáde, ihò méjì ló wà lára ẹ̀, wọ́n dọ́gba, ọ̀kan lọ́tùn-ún ọ̀kan lósì. Ìṣó kì í lu irú ihò bẹ́ẹ̀. Etí ríìmù lápá méjèèjì ló tẹ tíúbù mọ́ etí ọ̀dà. Ẹ̀gbọ́n Báńkà wò mí, wọ́n ní ẹ ò rí nǹkan báyìí.

Mo dẹ̀ rí nǹkan, àmọ́ kì í ṣe ohun tí wọ́n rò. Táyà 37 ló wà lẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ tèmi, mo ń fún iwájú ní 45, mo ń fún ẹ̀yìn ní 50 torí ẹ̀yìn ló ń gbé ara èèyàn jù, ó fẹ̀, ó ga, tó bá tẹ̀ ó ṣì jìnnà sí ríìmù. 23 ò ní ibi tó máa tẹ̀ dé. Ẹni tó bá wà lórí 23, ó gbọ́dọ̀ gba líle ẹ̀ mọ́ ọn, kó kàn má dé 120, tí ẹni tí ò sanra bíi ti àbúrò yìí bá wà ní 90 sí 100 ó tó o. Tó bá fẹ́ kó rọ̀, kó kọ́kọ́ ra èyí tó fẹ̀. Mo sọ ọ́ lójú títì níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí tíúbù wà lọ́wọ́ ẹ̀ ò ráyè gbọ́.

A tì í dé ọ̀dọ̀ Bàbá Fọkanáísà. Wọ́n fún tíúbù ní atẹ́gùn díẹ̀, wọ́n rì í bọ inú bàsíà omi, wọ́n ń yí i díẹ̀díẹ̀, omi hó níbi méjì. Wọ́n fi sáńpépà ha á, wọ́n fi sọ̀lúṣọ̀n pa á, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọn ò kánjú, wọ́n fi ẹ̀yìn ìka kàn án títí tó fi gbẹ kí wọ́n tó lẹ rọ́bà mọ́ ọn. Ohun tí ọ̀pọ̀ fọkanáísà kì í ní sùúrù fún nìyẹn, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ ní tútù, á ṣí kó o tó délé. Ẹnu pọ́ǹpù iná wọn ni kò wá wọ tíúbù, ti mọ́tò ló bá mu, ti kẹ̀kẹ́ eré tín-ín-rín, ó tún ní nọ́ọ̀tì kékeré kan lórí tí èèyàn gbọ́dọ̀ tú kí atẹ́gùn tó wọlé. Irin kékeré kan tó ń jẹ́ kí méjèèjì bára mu wà nínú báàgì mi, mi ò kì í jáde láìmú un. Mo bẹ Bàbá pé kí wọ́n máa jẹ́ kó wọlé díẹ̀díẹ̀, torí pọ́ǹpù mọ́tò lè bẹ́ tíúbù kẹ̀kẹ́ kí èèyàn tó ṣẹ́jú. Wọ́n ní ṣé èmi ni màá kọ́ àwọn, pé ìgbà tí kẹ̀kẹ́ Rálè ń jáde ní ìlú yìí ni àwọn ti ń fi rọ́bà tíńtín wọ ẹnu tíúbù, wọ́n dẹ̀ ṣe é díẹ̀díẹ̀.

Bí wọ́n ṣe dárúkọ Rálè ni Tíṣà bú sẹ́rìn-ín, ó rántí 28 tiẹ̀, ti gíga ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ni o, kì í ṣe ti fífẹ̀. Ó lọ ra táyà lọ́jà, wọ́n bi í pé sáìsì wo, ó ní 28, wọ́n gbé 28 fún un, wọn ò parọ́. Ó wọ ríìmù wẹ́rẹ́, inú ẹ̀ ń dùn, bó ṣe fún un ní atẹ́gùn tán, táyà bọ́ kúrò létí ríìmù, tíúbù yọrí síta, ó bẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa wo nọ́ńbà kékeré tó wà ní ẹ̀gbẹ́ táyà, èyí tó ní ìlà láàárín, bíi 37-622. Ti iwájú ni fífẹ̀, ti ẹ̀yìn ni ibi tó máa jókòó sí lára ríìmù. 28 ti Rálè àtijọ́, 635 ni. 28 ti àwọn kẹ̀kẹ́ eré tí wọ́n tún ń pè ní 700C, 622 ni. Mìlímítà 13 ló wà láàárín wọn, kò sí ẹ̀bẹ̀ níbẹ̀. 26 náà ò yọ ara ẹ̀, ti kẹ̀kẹ́ òkè jẹ́ 559, èyí tí wọ́n kọ 1 3/8 mọ́ jẹ́ 590. Ọ̀kan ò ní bá èkejì mu láéláé, bẹ́ ẹ fi sípánà jà á dọ̀la.

Ní báyìí àbúrò ti ní òun fẹ́ ra táyà 28. Mo ní fífẹ̀ lo ń sọ àbí ti Rálè? Ó ní fífẹ̀. Mo ní ó dáa, àmọ́ kẹ̀kẹ́ eré àtijọ́ bíi tiẹ̀, ẹnu bíréèkì ẹ̀ máa ń fún, òmíràn ò lè gbà ju 25 lọ. Kó gbé e wá lọ́la, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kan tó ní 28 wà nílé mi, a máa ki ìyẹn bọ inú fọ́ọ̀kì ẹ̀, a máa yí i, tó bá ń ha nǹkan kan, ó di 25 nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n Báńkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ohùn ránṣẹ́ sí fóònù mi bí mo ṣe ń kọ èyí lọ́wọ́. Wọ́n ní àwọn ò tíì gbà, pé ká gun kẹ̀kẹ́ lọ Ìkìrun ní Sátidé tó ń bọ̀ ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ débẹ̀. Mo ní ó ti yá, àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bá mi yọ táyà oníkókó yẹn.