Ẹ Bi Ẹ̀rọ Léèrè Kí Ẹ Tó Gba Core Gbọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi tí ẹ ka jíọ́lọ́jì nílé, tí ẹ ń bọ̀ wá ṣiṣẹ́ ní Minnesota, ní Amẹ́ríkà, ohun kan wà tí ẹ gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ sí Ìbàdàn. Lọ́hùn-ún, bí a bá ń lu borehole, ilẹ̀ tí a ń gbà kọjá sábà máa ń jẹ́ ara àpáta ìsàlẹ̀ fúnra rẹ̀ tó ti jẹrà. Níbí, àlejò ni ilẹ̀. Yìnyín ńlá ayé àtijọ́ ló wọ́ ọ wá, tó po amọ̀, yanrìn àti òkúta pọ̀ di ohun tí à ń pè ní till. Superior Lobe, apá yìnyín tó gba ojú adágún Superior wá, kó till pupa oníyanrìn, pẹ̀lú irú òkúta tí à ń pè ní basalt àti agate. Àríwá ìwọ̀-oòrùn ni Des Moines Lobe gbà wá ní tirẹ̀. Òkúta ẹfun àti shale (amọ̀ tó ti di òkúta) ló kó, till rẹ̀ sì ní àwọ̀ eérú.

Iṣẹ́ wa ni láti mọ èyí tó wà lórí èkejì, àti ibi tí yanrìn olómi há sí láàárín wọn. Ẹ̀rọ tí ẹ bá lò ló máa pinnu ohun tí ẹ máa rí. Auger, irin tó ń yí wọ ilẹ̀ lọ, yára, ṣùgbọ́n òkúta ńlá kan ti tó láti dá a dúró. Ẹ̀rọ tó ń fi omi ẹrẹ̀ gbé ẹ̀rúnrún gòkè máa ń jìn gan-an, àmọ́ kí ẹ̀rúnrún tó dókè, ó ti dàpọ̀ mọ́ ti ìpele mìíràn. Sonic ni mo fẹ́ràn jù, bó tilẹ̀ wọ́n: ó ń gbọn páìpù wọlẹ̀, ó sì ń gbé core, ìyẹn ilẹ̀ tó gé ní gígùn bí ọ̀pá, jáde ní títò, látòkè dé àpáta.

Síbẹ̀, sonic náà máa ń purọ́. Till tó le máa ń gbóná, á sì gbẹ. Core máa ń wú nínú ọ̀rá tí a kó o sí, yanrìn olómi sì lè rú wọ inú páìpù, kí ẹ máa rò pé ìpele náà nípọn. Ẹ bi ẹni tó ń darí ẹ̀rọ léèrè. Etí rẹ̀ ti gbọ́ ìyípadà kí core tó dókè.

Àwọ̀ ló ń tan èèyàn jù. Till kan náà lè pọ́n bí ìpẹtà lókè níbi tí afẹ́fẹ́ dé, kó ní àwọ̀ eérú nísàlẹ̀. Ìpele kan ṣoṣo ni. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara core kí ẹ tó kọ àwọ̀ sílẹ̀, kó ṣì tutù. Ẹ kán ásíìdì sí i, torí ó máa ń hó níbi tí ẹfun bá wà, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé òjò lè ti fọ ẹfun kúrò lókè, kó má hó. Ní yàrá àyẹ̀wò, à ń ka hóró yanrìn tó tóbi tó mílímítà 1 sí 2: mélòó ni shale, mélòó ni òkúta ẹfun, mélòó ni granite àti irú rẹ̀. Ìyẹn ni mo máa ń gbẹ́kẹ̀ lé.

Bí ẹ bá kan òkúta líle, ẹ lu u wọ ẹsẹ̀ bàtà 10 sí i kí ẹ tó pè é ní àpáta ìsàlẹ̀. Bí ẹ bá sì rí ilẹ̀ dúdú tó ní gbòǹgbò láàárín till méjì, ẹ wé e sínú fóìlì lójú ẹsẹ̀. Radiocarbon, àyẹ̀wò tó ń sọ ọjọ́ orí ohun tó ti wà láàyè rí, kì í ríran kọjá nǹkan bí ẹgbẹ̀rún ọdún 50; tó bá ní ó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, a ti mọ̀ pé till abẹ́ rẹ̀ ti wà níbẹ̀ tipẹ́ kí Des Moines Lobe tó dé.