Eré orí rédíò sọ mí di akẹ́kọ̀ọ́ padà

Ọdún 18 ni mo fi kọ ìtàn àròsọ kí n tó dáwọ́ lé eré orí rédíò. Mo rò pé iṣẹ́ kan náà ni: kí n yọ àpèjúwe kúrò, kí n fi ọ̀rọ̀ sí àwọn ẹ̀dá ìtàn lẹ́nu, ó parí. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá.

Ẹni tó ń kọ́ mi, mo jù ú lọ dáadáa lọ́jọ́ orí. Nínú eré tí mo kọ́kọ́ kọ, ó fi ìka sí ibi tí ọkọ ti wọlé, tó rí i pé ìyàwó òun ti palẹ̀ ẹrù mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ló máa rí i?" Ẹnu mi wọhò.

Mo tún un kọ. Ọkọ ní, "Háà, o ti kó ẹrù ẹ sínú àpótí, o gbé e sẹ́nu ọ̀nà!" Ìyẹn tún wá burú jù, torí ta ló ń ròyìn ohun tí òun àti ẹnì kejì jọ ń wò? Ìgbà kẹfà ló tó bọ́ sí i. Ìró síìpù, ó há, wọ́n tún fà á. Ọkọ ní, "Àpótí mi nìyẹn." Ìyàwó ní, "Tèmi ti ya." Kò sí nǹkan míì. Olùgbọ́ ti mọ̀ pé ìyàwó ń lọ, ó sì mọ̀ pé àpótí nìkan ni ọkọ lè sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìmọ̀ràn mi fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti pẹ́ nídìí ìwé kíkọ: ohun tí wọ́n fi ń yìn yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ gbé sílẹ̀. Àpèjúwe ni tèmi. Ó dùn mí, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni mi ò fọwọ́ kan ìwé. Ẹ má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú odindi eré o. Ìran kan tí kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ ti tó, kẹ́ ẹ tún un kọ títí.

Ẹ má sì fi ẹnu ara yín kà á, torí ẹnu yín mọ ibi tó yẹ kó bò mọ́lẹ̀. Ẹ fún ẹlòmíì tí kò rí i rí. Kí ẹnì kejì dijú, kó máa gbọ́. Ẹni tí kò bá sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ nínú eré rédíò ti pòórá nìyẹn, nítorí náà ẹ dá ẹni tó ń kà á dúró láàárín, kẹ́ ẹ bi olùgbọ́ yín pé àwọn wo ló wà nínú yàrá. Bó bá gbàgbé ẹnì kan, ẹ wá nǹkan fún ẹni náà ṣe, ì báà jẹ́ ikọ́ lásán, tàbí kẹ́ ẹ yọ ọ́ kúrò.