Ohun tí eré mẹ́ta àkọ́kọ́ fi hàn nípa Ohio State ní sáà 2024, àti ohun tí ó fi pamọ́

Nínú eré mẹ́ta àkọ́kọ́ tí ikọ̀ fútúbọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Yunifásítì Ohio State gbá ní sáà 2024, àmì 157 ni wọ́n kó, àmì 20 péré sì ni àwọn alátakò rí gbà lọ́wọ́ wọn. Wọ́n na Akron ní 52 sí 6 ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ, wọ́n na Western Michigan ní 56 sí 0 ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e, nígbà tí wọ́n sì ti sinmi fún ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n na Marshall ní 49 sí 14. Ilé ni wọ́n ti gbá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ní ìlú Columbus, nínú pápá tí ó ń gba òǹwòran tó ju 100,000 lọ. Ikọ̀ yìí kan náà ni ó gba ife ẹ̀yẹ àwọn yunifásítì ní gbogbo orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà ní oṣù Kìíní ọdún 2025, ṣùgbọ́n kí wọ́n tó débẹ̀, Oregon ti fi àmì kan ṣoṣo borí wọn, Michigan sì ti wá nà wọ́n mọ́ ilé. Ìbéèrè tí mo fẹ́ yẹ̀ wò ni pé, ẹni tí ó bá jókòó ní ìparí oṣù Kẹsàn-án láti díwọ̀n ikọ̀ náà ní ìsọ̀rí-ìsọ̀rí, kí ni ó lè rí, kí sì ni ó ṣeé ṣe kí ó fojú fò?

Fún ẹni tí kò bá mọ fútúbọ́ọ̀lù àwọn ará Amẹ́ríkà dáadáa, mọ́kànlá ni àwọn tí ń kọlu alátakò, mọ́kànlá mìíràn ni àwọn tí ń dènà, àwọn tí ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù sì tún dá dúró ní tiwọn. Ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan ló ní akọ́nimọ̀ọ́gbá tirẹ̀ àti iṣẹ́ tirẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí a fi máa ń díwọ̀n wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ní ti yunifásítì, ìṣòro ńlá kan tún wà níbẹ̀: ọdọọdún ni àwọn kan ń kẹ́kọ̀ọ́ jáde, tí àwọn kan ń ti ilé ẹ̀kọ́ girama dé, tí àwọn mìíràn sì ń ṣí láti yunifásítì kan sí òmíràn, tó bẹ́ẹ̀ tí ikọ̀ tí a rí ní ọdún tó kọjá kì í ṣe èyí tí a ń wò lónìí. Ẹ tún fi kún un pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńláńlá sábà máa ń sanwó fún àwọn kéékèèké láti wá bá wọn gbá ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà. Akron àti Western Michigan kò wá sí Columbus torí pé wọ́n rò pé àwọn yóò borí.

Ọ̀dọ̀ quarterback, ẹni tí ń darí ìkọlù tí ó sì ń ju bọ́ọ̀lù, ni gbogbo ènìyàn kọ́kọ́ kọjú sí. Lẹ́yìn tí Ohio State pàdánù sọ́wọ́ Michigan ní 30 sí 24 ní ìparí sáà déédéé ọdún 2023, Kyle McCord kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Syracuse, ikọ̀ náà sì gba àmì 3 péré nígbà tí Missouri nà wọ́n nínú Cotton Bowl, ọ̀kan nínú àwọn eré ńlá tí a ń gbá lẹ́yìn sáà déédéé. Will Howard, tí ó ti bá Kansas State gba ife líìgì Big 12 ní ọdún 2022, ni wọ́n mú wá. Ní ọjọ́ Akron, kò yá a lára ní kíákíá. 17 sí 3 ni wọ́n gbá kí wọ́n tó lọ sinmi, èyí sì bí àwọn kan nínú. Lójú tèmi, ohun tí ó yẹ kí á wò ní ọjọ́ náà kọ́ ni iye àmì, bí kò ṣe bí ó ṣe ń yan ẹni tí yóò ju bọ́ọ̀lù sí láìfi àkókò ṣòfò, ó sì ṣe ìyẹn dáadáa. Ohun tí eré mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè fi hàn ni bí yóò ṣe ṣe nígbà tí aago bá ń lọ tí ikọ̀ rẹ̀ sì wà lẹ́yìn. Ìgbà tí wọ́n dé Oregon ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹwàá ni a rí i: àmì kan ni wọ́n fi wà lẹ́yìn, Howard gbé bọ́ọ̀lù sáré, ó fi ìdí yọ́ sílẹ̀, aago sì ti tán kí ẹnikẹ́ni tó lè pe ìsinmi. Kò sí bí ẹni tí ó wo eré Western Michigan ṣe lè rí irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Ní ti àwọn tí ń gbé bọ́ọ̀lù sáré, ọ̀rọ̀ kò pọ̀. TreVeyon Henderson padà wá, wọ́n sì mú Quinshon Judkins wá láti Ole Miss. Nínú eré Marshall, yáàdì 173 ni Judkins sá, 86 nínú rẹ̀ sì jẹ́ eré kan ṣoṣo tí ó sá dé ìparí pápá. Àwọn méjèèjì ni wọ́n kọjá yáàdì 1,000 ní ìparí sáà, ohun tí ó sì dùn mọ́ mi jù ni pé kò sí ẹni tí ó gbé ẹrù náà débi tí yóò fi rẹ̀ ẹ́ kó tó di oṣù Kejìlá.

Àwọn tí à ń ju bọ́ọ̀lù sí náà kò fún ẹnikẹ́ni ní ìdààmú. Marvin Harrison Jr. ti lọ sí NFL, líìgì àwọn tí ń fi eré náà ṣiṣẹ́ ṣe, ṣùgbọ́n Jeremiah Smith, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kìíní láti Florida, ti gba touchdown méjì (gbígbé bọ́ọ̀lù dé ìparí pápá alátakò, àmì mẹ́fà ni ọ̀kọ̀ọ̀kan) wọlé ní ọjọ́ tí ó kọ́kọ́ wọ aṣọ ikọ̀ náà. Emeka Egbuka, tí orúkọ rẹ̀ ti sọ ibi tí ìdílé rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá fún ẹnikẹ́ni tí ó bá gbọ́ ọ láti Nàìjíríà, ni àgbà wọn, Carnell Tate sì jẹ́ ẹ̀kẹta. Nígbà tí sáà parí, yáàdì 1,315 àti touchdown 15 ni Smith ní, Egbuka sì ti di ẹni tí ó gba bọ́ọ̀lù jù lọ nínú ìtàn Ohio State. Ìsọ̀rí yìí ni ó jọ ara rẹ̀ jù lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé ẹni tí ó bá yára tí ọwọ́ rẹ̀ sì dúró, ẹnikẹ́ni tí ó wù kí ó dúró tì í, a óò rí i.

Ọ̀dọ̀ àwọn márùn-ún tí ń dúró níwájú quarterback ni mo fẹ́ pẹ́ sí. Àfi center tí ń na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn láti àárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó ṣọ̀wọ́n kí ọwọ́ wọn tó kan bọ́ọ̀lù, àwọn tí ń sọ̀rọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n kì í sì í dárúkọ wọn àfi nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ sáà 2024, Josh Simmons wà ní left tackle, ìpẹ̀kun ìlà lápá òsì, Seth McLaughlin tí ó ti Alabama wá jẹ́ center, Tegra Tshabola àti Josh Fryar wà lápá ọ̀tún, Donovan Jackson tí ó yẹ kí ó jẹ́ left guard, láàárín tackle àti center, sì ń wo ìfarapa sàn. Nítorí náà, ìlà tí a rí ní ọjọ́ Akron kì í ṣe èyí tí àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá fẹ́ lò. Síbẹ̀, bọ́ọ̀lù ń lọ, Howard kì í ṣubú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì gbà pé ìsọ̀rí tí a ń bẹ̀rù ti yanjú.

Ibẹ̀ ni mo ti yà kúrò lára wọn. McLaughlin ni gbogbo ojú wà lára rẹ̀ nígbà náà, nítorí pé bọ́ọ̀lù tí ó ń na sẹ́yìn fún Alabama kò dúró sójú kan nígbà tí wọ́n pàdánù sọ́wọ́ Michigan nínú Rose Bowl ní oṣù Kìíní 2024. Ó sì dúró gbọn-in ní Columbus, débi pé òun ni wọ́n fún ní ẹ̀bùn Rimington ti ọdún náà gẹ́gẹ́ bí center tó dára jù lọ. (Ọmọ tiwa kan, Olusegun Oluwatimi, ti gba ẹ̀bùn yìí ní ọdún 2022 nígbà tí ó ń gbá fún Michigan, ó sì gba ẹ̀bùn Outland ti àwọn tí ń gbá ní ìlà iwájú pẹ̀lú rẹ̀ ní ọdún kan náà. Ẹni tí ó bá rò pé center kò ju ẹni tí ń na bọ́ọ̀lù sẹ́yìn lọ, kí ó wá eré Michigan ti ọdún yẹn wò.) Ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi kì í ṣe ti àwọn márùn-ún àkọ́kọ́. Ta ni ó wà lẹ́yìn Simmons? Left tackle ni ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn quarterback tí ń fi ọwọ́ ọ̀tún jù bọ́ọ̀lù, ibi tí kò ti lè fi ojú ara rẹ̀ rí ẹni tí ń bọ̀. Nínú eré mẹ́ta àkọ́kọ́, àwọn ìpele kejì wọlé nígbà tí eré ti bàjẹ́ mọ́ alátakò lọ́wọ́, tí alátakò náà sì ti rọ́pò àwọn àgbà rẹ̀ pẹ̀lú ọmọdé. Wọ́n ṣe dáadáa, ṣùgbọ́n dáadáa sí ta ni?

Ní Oregon, orúnkún Simmons bàjẹ́, sáà sì parí fún un. Zen Michalski ni ó bọ́ sí ipò rẹ̀ nígbà tí Nebraska wá. 21 sí 17 ni Ohio State fi bọ́ níbẹ̀, eré sísá wọn kò lọ síbì kankan, Michalski náà sì farapa. Àwọn àgbà máa ń sọ pé ibi tí a bá pè lórí, a kì í fi tẹlẹ̀, ṣùgbọ́n ohun tí Ryan Day, olórí akọ́nimọ̀ọ́gbá, àti Justin Frye, akọ́nimọ̀ọ́gbá ìlà náà, ṣe nìyẹn gan-an: wọ́n gbé Jackson kúrò ní guard, wọ́n sọ ọ́ di left tackle, wọ́n sì fi Carson Hinzman sí àyè rẹ̀. Abdul Carter ti Penn State ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó dojú kọ ọ́ níbẹ̀, Carter sì fi ojú rẹ̀ rí nǹkan. Síbẹ̀, wọ́n jáwé olúborí ní 20 sí 13, ìlà náà ni ó sì pa aago tì ní ìparí, bí wọ́n ti ń gbé bọ́ọ̀lù fún Judkins léraléra tí Penn State kò sì rí i gbà padà mọ́.

Kí eré Indiana ti ìparí oṣù Kọkànlá tó dé, iṣan gìgísẹ̀ McLaughlin já níbi ìdánrawò, Hinzman sì di center. Bí wọ́n ṣe lọ pàdé Michigan ní ọjọ́ 30 oṣù náà nìyẹn, láìsí center wọn àti left tackle wọn, pẹ̀lú Mason Graham àti Kenneth Grant tí ń dúró dè wọ́n ní àárín. Yáàdì 77 péré ni wọ́n rí sá. Ohun tí ó dùn mí níbẹ̀ kì í ṣe pé ìlà náà kù díẹ̀ káàtó, torí pé ẹni tí ó bá ka iye àwọn tí ó ti farapa yóò ti retí ìyẹn; ó dùn mí pé wọ́n ń sá lu àárín náà, níbi tí Michigan ti lágbára jù, nígbà tí Smith àti Egbuka dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá.

Ní ti àwọn tí ń dènà, iwájú wọn kò nílò àlàyé púpọ̀. JT Tuimoloau, Jack Sawyer, Tyleik Williams àti Ty Hamilton ni wọ́n, gbogbo wọn jẹ́ àgbà tí ó kọ̀ láti tètè lọ sí NFL. Linebacker, àwọn tí ń dúró lẹ́yìn ìlà iwájú wọ̀nyí, ni mo rò pé ó yẹ kí á fi sùúrù wò, nítorí pé Sonny Styles ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ẹ̀yìn bọ́ sí ibẹ̀ ni, ẹni tí ó bá sì yí ipò padà kì í mọ ibi tí yóò gbà títí yóò fi pàdé alátakò tí ó mọ bí a ṣe ń tan ènìyàn. Òun àti Cody Simon wá dára gan-an lẹ́yìn náà.

Àwọn ẹ̀yìn, tí ń ṣọ́ àwọn tí à ń ju bọ́ọ̀lù sí, ni ó kọ́ mi lẹ́kọ̀ọ́ jù. Caleb Downs tí ó ti Alabama wá, Lathan Ransom, Jordan Hancock, Denzel Burke àti Davison Igbinosun: ẹni tí ó bá wo orúkọ wọn ní oṣù Kẹjọ yóò sọ pé kò sí èyí tí ó jù wọ́n lọ. Àmì 20 nínú eré mẹ́ta sì dà bí ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n bí quarterback alátakò kò bá ráyè ju bọ́ọ̀lù gígùn, nítorí pé Sawyer ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, a kò tíì dán ẹ̀yìn wò rárá. Ní Oregon, Dillon Gabriel ráyè, Evan Stewart sì gba bọ́ọ̀lù fún yáàdì 149, ọ̀pọ̀ rẹ̀ níwájú Burke. Ìgbà náà ni Jim Knowles, akọ́nimọ̀ọ́gbá àwọn tí ń dènà, tó yí bí wọ́n ṣe ń dènà padà, wọ́n sì wá di ikọ̀ tí àwọn alátakò gba àmì kéré jù lọ lára rẹ̀ ní gbogbo orílẹ̀-èdè, 12.9 ní eré kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí wọ́n tún pàdé Oregon ní Rose Bowl, 41 sí 21 ni Ohio State fi borí.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ẹni tí ń fẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù, bí gbogbo ayé ṣe máa ń gbàgbé rẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án. Ikọ̀ tí ó ń gba touchdown méje-méje kì í fi bẹ́ẹ̀ nílò àmì mẹ́ta tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń mú wá. Jayden Fielding gbá méjì sọnù ní ọjọ́ Michigan, eré tí wọ́n sì fi àmì mẹ́ta pàdánù ni, 13 sí 10. Òun náà ni ó gbá èyí tí ó pa Notre Dame lẹ́nu mọ́ ní àṣekágbá, nígbà tí ìṣẹ́jú kan kò kù mọ́, tí eré fi parí sí 34 sí 23.

Nítorí pé àwọn alátakò kéékèèké kì í fi irú nǹkan wọ̀nyí hàn ni inú mi ṣe dùn sí bí wọ́n ṣe to sáà 2025. Texas ni wọ́n kọ́kọ́ bá gbá, ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹjọ, 14 sí 7 sì ni Ohio State fi borí, pẹ̀lú Julian Sayin ní quarterback àti Matt Patricia tí ó rọ́pò Knowles. Ọ̀sẹ̀ kejì, wọ́n na Grambling ní 70 sí 0. Bí ẹnikẹ́ni bá ní kí n díwọ̀n àwọn ìsọ̀rí ikọ̀ náà nínú eré méjèèjì yìí, ti Texas nìkan ni n óò fi díwọ̀n àwọn tí ó bẹ̀rẹ̀ eré. Ti Grambling, ìdajì kejì, nígbà tí àwọn ìpele kejì máa ń wọlé, ni n óò wò, tackle nìkan ni n óò sì máa wò níbẹ̀.