Ohun tí mo kọ́ nínú mọ́tò bí a ti ń bọ̀ láti pápá

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni ọmọ mi nígbà tí ẹnì kan láti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ńlá kan ní Lọ́ńdọ̀nù wá bá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, tó ní àwọn fẹ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi wú. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti pe ìyá mi ní Ìbàdàn. Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé, "Ìwé rẹ̀ ńkọ́?"

Ọ̀rọ̀ Bukayo Saka, agbábọ́ọ̀lù Arsenal, ló wà lọ́kàn mi, ọmọ Yorùbá bíi tiwa. Ọmọ ọdún 7 ni nígbà tó wọ akádẹ́mì Arsenal ní Hale End, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ní bọ́ọ̀lù; ó pé ọdún 17 kó tó wọ pápá fún ẹgbẹ́ àgbà ní November 2018. Ọjọ́ tó wọ pápá yẹn ni mò ń rò. Mi ò ro ti ọdún mẹ́wàá tó ṣáájú rẹ̀.

Wọ́n yẹ ọmọ mi wò, wọ́n sì gbà á sí akádẹ́mì wọn. Ẹ̀yin òbí, iṣẹ́ ni o. Ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀ fún ìdánilẹ́kọ̀ọ́, ìdíje ní Sunday, tí ìwàásù á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí ká tó dé ṣọ́ọ̀ṣì. Tí ọmọ bá ti forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ wọn, kò tún lè bá ẹgbẹ́ àdúgbò gbá ìdíje mọ́. Ìyẹn dun ọmọ mi ju bí mo ṣe rò lọ, torí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wà níbẹ̀.

Àmọ́ inú mọ́tò ni mo ti ṣe àṣìṣe mi. A ò ní tíì kúrò nítòsí pápá tí màá ti bẹ̀rẹ̀: "Kí ló dé tí o ò gbé e fún ẹni tó wà lápá òsì? Ṣé o ò rí i ni?" Yóò máa tú okùn bàtà rẹ̀ lẹ́yìn mi, kò ní fọhùn. Mo rò pé ó ń gbọ́ ẹ̀kọ́ ni. Nígbà tó yá, ó ní kí ìyá òun máa gbé òun lọ.

Ó pé ọdún 13, wọ́n pè wá, wọ́n ní àwọn ò ní mú un tẹ̀síwájú. Ọ̀rọ̀ náà ò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Nínú mọ́tò, ọmọ yìí ká ẹ̀wù wọn dáadáa, ó fi í sínú ọ̀rá, ó wá ní, "Dádì, ṣé ẹ ṣì máa máa wá wò mí?" Mo ní láti páàkì.

Torí náà, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ síwèé, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n máa ń ṣe fún ọmọ tí wọ́n bá dá sílẹ̀, nítorí àwọn tí wọ́n ń dá sílẹ̀ ló pọ̀ jù. Ẹ má jẹ́ kó fi dùùrù tàbí ìwé sílẹ̀ nítorí bọ́ọ̀lù. Ẹ má sì kéde rẹ̀ fún gbogbo ẹbí. Ọmọ náà ló máa ru ìtìjú yẹn. Ọmọ ọdún 13 ni Eberechi Eze nígbà tí Arsenal dá a sílẹ̀. Ní August 2025, owó ńlá ni wọ́n fi rà á padà. Ademola Lookman ní tiẹ̀, ẹgbẹ́ àdúgbò ló ń bá gbá títí ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Charlton fi mú un lọ́mọ ọdún 16. Ní 2024, góòlù mẹ́ta ló gbá sáwọ̀n nínú àṣekágbá Europa League, ìdíje àwọn ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ilẹ̀ Yúróòpù. Mi ò sọ èyí pé kẹ́ ẹ máa retí irú rẹ̀ o. Mo sọ ọ́ kí ọmọ má baà rò pé ayé òun ti parí.

Ẹgbẹ́ tó wà nítòsí ilé wa ló ń bá gbá báyìí, ní ọjọ́ Saturday. Tá a bá ń bọ̀, òun ló máa ń yan orin, a ó máa jẹ pọ́fù-pọ́fù. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fúnra rẹ̀ yí orin náà wálẹ̀, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ n sọ bí mo ṣe pàdánù pẹnálítì yẹn fún yín."