Ẹ Má Jẹ́ Kí Wọ́n Fò Yín Nínú Fọ́tò

Ẹ̀yin tí wọ́n fi tọ́ lọ́dọ̀ òyìnbó, ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Ẹ mọ ara yín. Bàbá ń kàwé lọ́yà ní Lọ́ńdọ̀nù, ìyá ń kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, yàrá kan ṣoṣo ni wọ́n rí háyà, onílé sì ti sọ pé òun ò fẹ́ igbe ọmọ. Ni wọ́n bá polówó yín nínú ìwé ìròyìn Nursery World, ni òyìnbó kan bá kọ̀wé padà láti abúlé tí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí yín ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí. Tèmi, Aylesham ni wọ́n gbé mi lọ ní 1970, ní Kent, láàárín Canterbury àti Dover. Ọmọ ọwọ́ ni mí. Oṣù tó kọjá ni mo padà lọ síbẹ̀. Inú ṣì ń bí mi, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì. Ẹ jẹ́ kí n yára kọ ọ́ kí ó tó tutù lọ́wọ́ mi.

Ẹni tó bá gbọ́ Kent, ọgbà ápù ló máa ń rò. Kò mọ̀ pé èédú wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ní 1890 ni wọ́n rí i lẹ́bàá Dover, níbi tí wọ́n ti gbìyànjú láti la ọ̀nà abẹ́ òkun lọ sí Faransé. Aylesham fúnra rẹ̀ kì í ṣe abúlé àtijọ́. Wọ́n yà á sórí bébà ni, Patrick Abercrombie tó máa ń ya ìlú wà lára àwọn tó yà á, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn nítorí àwọn tí yóò máa wa èédú ní Snowdown. Ìlú ńlá ni wọ́n fẹ́ kó jẹ́. Abúlé ló jẹ́ nígbà tí mo mọ̀ ọ́n. Kòtò Snowdown ni wọ́n ń pè ní èyí tó jìn jù tó sì gbóná jù ní Kent. Ìhòòhò ni àwọn ọkùnrin kan ń ṣiṣẹ́ nísàlẹ̀ rẹ̀ nítorí ooru. Pop, ọkọ Nana tó gbà mí tọ́, máa ń sọ ọ́ fún wa nídìí oúnjẹ, Nana á sì ní kó pa ẹnu rẹ̀ dé.

Ẹ fetí sí èyí, nítorí òun ló gbé gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ró. Àlejò ni gbogbo wọn. Wales ni bàbá Pop ti wá, aládùúgbò wa apá ọ̀tún, Scotland, apá òsì, Durham. Lẹ́yìn ìyanṣẹ́lódì ńlá ti 1926, àwọn ọ̀gá kọ orúkọ àwọn tó ṣorí kunkun sílẹ̀, wọ́n ò sì rí iṣẹ́ mọ́ nílé. Àwọn kan fi ẹsẹ̀ rìn dé Kent. Nígbà tí wọ́n dé, àwọn ará Kent ò fẹ́ wọn. Ní ìlú Deal, àwọn onílé lẹ pátákó mọ́ fèrèsé pé àwọn ò gba awa-èédú. Bàbá mi náà rí irú pátákó bẹ́ẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, aláwọ̀ dúdú ni wọ́n kọ sórí tirẹ̀. Ọjọ́ tí òun àti Pop jọ sọ ọ́, tí ọtí wà níwájú wọn, wọ́n rẹ́rìn-ín títí Pop fi bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, Nana sì gba ìgò kúrò nílẹ̀.

Bí a ṣe gbé ayé níbẹ̀ ò le láti sọ. Tírélà á da èédú ọ̀fẹ́ síwájú ilé awakùsà kọ̀ọ̀kan, àwa ọmọdé á gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì, a ó kó o lọ sẹ́yìnkùlé, a ó dúdú tán. Nígbà yẹn nìkan ni gbogbo wa jọ ní àwọ̀ kan náà, Nana ló sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe èmi. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn kì í ní kọ́kọ́rọ́. Obìnrin tó bá rí ọ tí o ń ṣe ìjàngbọ̀n kankan ní òpópónà á gbá ọ létí, á tún mú ọ lọ sílé lọ fẹjọ́ sùn, kí wọ́n gbá ọ létí kejì. Ẹ̀yin tí ẹ dàgbà ní agboolé ní Ìbàdàn, ẹ mọ irú rẹ̀. A ń jẹ búrẹ́dì tí wọ́n fi ọ̀rá ẹran pa lójú, iyọ̀ díẹ̀ lórí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ọkọ̀ á wá kó àwọn ìyá lọ já èso ní oko, a ó tẹ̀ lé wọn, a ó jẹ ju èyí tí a já lọ. Ní alẹ́, ẹgbẹ́ akọrin àwọn ọkùnrin Snowdown á máa gbaradì, ohùn wọn á dé ọ̀dọ̀ wa nínú yàrá. Nítorí pé Wales, Scotland àti Durham ló da ọ̀rọ̀ pọ̀, bí a ṣe ń sọ Gẹ̀ẹ́sì yàtọ̀ sí ti àwọn ará Canterbury, wọ́n sì máa ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́ nínú bọ́ọ̀sì. Gbogbo wa ni wọ́n ń ṣe é fún o, kì í ṣe èmi nìkan.

Mi ò sọ pé ọ̀run ni. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú wa bọ́ sọ́wọ́ ìkà, wọ́n jẹ ìyà tí ẹnu ò lè ròyìn, ẹni tó bá rí bẹ́ẹ̀ ò ní rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ mi yìí. Kí ó má bínú. Tèmi ni mo ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni mi ò bú àwọn òbí wa. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bú wọn lónìí ò gbé yàrá kan pẹ̀lú sítóòfù kẹrosíìnì rí ní ìgbà òtútù.

Ó wá di oṣù tó kọjá. Wọ́n ṣe ìpàdé alẹ́ kan fún ìrántí, pé kí àwọn tó dàgbà ní abúlé náà wá, kí wọ́n mú fọ́tò dání. Nana àti Pop ti kú tipẹ́. Mo wọ ọkọ̀ ojú irin láti Lọ́ńdọ̀nù, mo wọ aṣọ tó dára, mo ra kéèkì. Gbọ̀ngàn kún. Bàbá arúgbó kan ló ń darí ètò, wọ́n ń gbé fọ́tò sórí ògiri, ó ń fi ọ̀pá tọ́ka. Ó dùn púpọ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, mi ò ní purọ́. Wọ́n gbé kòtò wa jáde kí wọ́n tó tì í ní 1987, wọ́n gbé ṣọ́ọ̀bù tí a ti ń ra súìtì jáde.

Ni wọ́n bá gbé fọ́tò àríyá òpópónà wa jáde, ti June 1977, nígbà tí Ọbabìnrin Elizabeth pé ọdún 25 lórí oyè. Tábìlì láti orí dé ìdí òpópónà, àsíá wẹẹrẹ lókè, gbogbo ọmọdé pẹ̀lú fìlà bébà lórí. Mo rí ara mi kíá. Ta ni kò ní rí mi? Èmi nìkan ni dúdú. Mo wọ aṣọ tí Nana fi kọ́tìnnì rán, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ mi, ẹnu mi kún, mo ń rẹ́rìn-ín. Bàbá náà bẹ̀rẹ̀ láti apá òsì. Ó ń dárúkọ wọn níkọ̀ọ̀kan: ọmọ ta nìyí, ta ló fẹ́, ta ló lọ sí Ọsirélíà, ta ló ti kú. Bó ṣe ń dárúkọ, ẹni náà tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á pariwo láti ibi tó jókòó, wọn á pàtẹ́wọ́. Ọ̀pá ń bọ̀. Ó kù mẹ́ta kó kàn mí, ó kù méjì. Mo ti gbé ife tíì sílẹ̀, mo ti tún gèlè mi ṣe, mo ti múra ẹ̀rín sílẹ̀ de orúkọ mi.

Ọ̀pá dé orí mi. Ó ní, “Èyí, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ dúdú tó máa ń gba ibí kọjá ni. Kì í ṣe ọmọ ibí.” Ó bọ́ sórí ẹni tó kàn.

Ẹ̀yin èèyàn mi. Kò sọ ọ́ tìkà-tìkà, ìyẹn ló dùn mí jù. Bí ẹni tó fò kókó lórí igi ló ṣe sọ ọ́. Ẹnikẹ́ni ò mira. Ọmọbìnrin orí ògiri ṣì ń rẹ́rìn-ín, ẹnu rẹ̀ ṣì kún fún búrẹ́dì, kò mọ̀ pé wọ́n ti lé òun kúrò nídìí tábìlì. Etí mi dákẹ́. Mo wo bàbá yẹn. Mo mọ̀ ọ́n. Ilé wa ló ti máa ń wá ra ẹyẹlé lọ́wọ́ Pop, èmi ni mò ń ṣí géètì fún un, mo tilẹ̀ rántí pé kì í sanwó pé. Mo ronú pé kí n dìde kí n máa lọ, kí n gbé kéèkì mi. Mo ronú pé ó lè jẹ́ òótọ́ ló sọ. Láti ìgbà tí wọ́n ti mú mi lọ sí Ìbàdàn ní 1985, òyìnbó ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀, wọ́n ń fi ohùn mi ṣe yẹ̀yẹ́. Bí mi ò bá jẹ́ ọmọ Ìbàdàn, tí mi ò sì jẹ́ ọmọ Aylesham, ọmọ ibo wá ni mí? Ibi tí mo ronú dé nìyẹn, kí ọ̀pá náà tó kúrò lórí ẹni tó jókòó tì mí nínú fọ́tò.

Ibẹ̀ ni Ọlọ́run ti yọ mí. Bàbá náà pe ọmọ yẹn ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Mo dìde. Mo ní, “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀ ń ṣì í pè. Ọmọ ilé tó tẹ̀ lé tiwa nìyẹn, àbúrò rẹ̀ lẹ̀ ń pè, kò sì sí nínú fọ́tò yìí nítorí pé ó ṣẹ́ apá lọ́jọ́ náà.” Mo tún sọ ẹni tó tì í ṣubú láti orí ògiri tó fi ṣẹ́ apá. Mo bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀, mo dárúkọ gbogbo ìlà náà dé òpin, mo dárúkọ ajá abẹ́ tábìlì. Àwọn ará wa ní ẹni a bá lábà ni baba. Bàbá yìí, 1973 ló dé Aylesham láti kòtò kan tí wọ́n tì ní àríwá. Èmi ló bá lábà. Mo sọ ìyẹn náà, mo rẹ́rìn-ín sí i, gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà kan nígun kan bá pariwo, “Ìwọ ni ìyá rẹ fẹ́ fi ata pa wá!” Òtítọ́ ni. Nígbà ìyanṣẹ́lódì 1984 sí 1985, tí gbogbo abúlé ń jẹun láti ibi ìdáná kan, ìyá mi gbé ìkòkò jọ̀lọ́ọ̀fù wá láti Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ọkùnrin tí ooru Snowdown ò pa sì ń wá omi kiri. Ó kù díẹ̀ kí ó tán: wọ́n dì mọ́ mi, wọ́n kọ orúkọ mi sẹ́yìn fọ́tò, bàbá náà bẹ̀bẹ̀, a jẹ kéèkì.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ wá nìyí. Bí ẹnikẹ́ni bá ní ẹ kì í ṣe ọmọ ibi tí ẹ ti dàgbà, ẹ má bá a jiyàn lórí ara yín. Tiwọn ni kí ẹ sọ. Ká ní mo sọ pé “èmi nìyẹn, mo wà níbẹ̀,” wọn á ní ẹ̀ẹ́ yà, wọn á máa bá ètò wọn lọ. Àmọ́ ẹni tó mọ ajá abẹ́ tábìlì, tó mọ ọmọ tó ṣẹ́ apá, ta ló lè sọ pé ó ń gba ibẹ̀ kọjá? Nítorí náà, ẹ jókòó nísinsìnyí, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ilé tó tẹ̀ lé tiyín, orúkọ olùkọ́, ẹni tó ń tajà, ẹni tó jẹ gbèsè ẹyẹlé. Ẹ kọ orúkọ sẹ́yìn gbogbo fọ́tò tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ kọ ti àwọn ẹlòmíràn kí ẹ tó kọ tiyín. Mo mọ̀ pé mo ti sọ ọ́. Mo tún ń sọ ọ́.

Èkejì jọ ti àkọ́kọ́. Ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀, kí ọ̀pá tó kúrò lórí yín. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá gbé délé di ẹ̀hónú, ẹ ó máa rò ó nínú ọkọ̀ ojú irin títí dé Lọ́ńdọ̀nù. Ẹ sì fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́, nítorí pé bí ẹ bá jágbe, ìjágbe yín ni wọn á rántí. Ẹ̀gbọ́n mi ní ojo ló ń ṣe mí, pé ó yẹ kí n bú bàbá náà. Kò sí níbẹ̀. Bí mo bá bú u, ta ni ì bá rántí jọ̀lọ́ọ̀fù ìyá mi?

Àwọn ará ilé wa náà kò ní jẹ́ kí ẹ gbádùn. Wọ́n á ní owó ni wọ́n san fún òyìnbó yẹn, kí ni ẹ̀ ń sunkún sí. Ẹ dá wọn lóhùn pé ẹni tó jí lóru fi omi gbígbóná nu ara yín nígbà ikọ́ fée kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba.

Ohun kan kù tó wúlò. Òfin 1958 ti sọ pé kí ẹni tó bá gba ọmọ ọlọ́mọ tọ́ fi tó káńsù létí. Ọ̀pọ̀ ò ṣe é, àmọ́ bí tiyín bá ṣe é, fáìlì lè wà. Ẹ kọ̀wé sí káńsù àgbègbè náà, ẹ sọ pé ẹ fẹ́ gbogbo ohun tó wà lákọsílẹ̀ nípa yín lábẹ́ òfin ààbò ìsọfúnni, Data Protection Act 2018. Ọ̀fẹ́ ni, oṣù kan ni òfin fún wọn láti fèsì, wọ́n sì lè fi oṣù méjì kún un bí iṣẹ́ inú rẹ̀ bá pọ̀. Ẹ kọ orúkọ tí wọ́n ń pè yín nígbà náà, àti gbogbo ọ̀nà tí òyìnbó fi ń kọ orúkọ bàbá yín. Ọ̀nà mẹ́rin ni wọ́n fi kọ ti bàbá mi, mo kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sínú lẹ́tà tí mo fi ránṣẹ́ ní ọjọ́ Mọ́ńdè.