Ẹ jẹ́ kó máa kùn

"Ẹ jẹ́ kó máa kùn, mà. Tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ pè mí." Ohun tí ọ̀gá tó ń tún fíríìjì ṣe sọ fún Ìyá Ìsàlẹ̀ láàárọ̀ nìyẹn. Ìyá ní ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ káwọn sùn. N kò dúró gbọ́ èyí tó kù, mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo kọjá. Ọ̀rọ̀ yẹn kò kúrò lọ́kàn mi títí di báyìí.

Mo lọ síbi iṣẹ́. Òjò rọ̀. Mo jẹ àmàlà.

Ọ̀rọ̀ sáfà ilé náà ṣì ni, láptọ́ọ̀pù àtijọ́ tí mo ń kó fáìlì sí. Ó di ọjọ́ kẹta tí mo ti ń gbìyànjú láti ibi iṣẹ́ kí n wọlé sí i bíi root, orúkọ tó láṣẹ lórí ohun gbogbo nínú ẹ̀rọ, kí n lè máa kó ẹ̀dà fáìlì jáde lálaalẹ́. Orúkọ tèmi ń wọlé, root ò wọlé. "Permission denied." Mo ti fi kọ́kọ́rọ́ SSH síbẹ̀, fáìlì àṣírí téèyàn fi ń wọ ẹ̀rọ láti òkèèrè dípò páásíwọ́ọ̀dù. Mo ti kọ PermitRootLogin prohibit-password sínú sshd_config, fáìlì ètò sshd tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà náà, pé kí root máa fi kọ́kọ́rọ́ nìkan wọlé, kó má lo páásíwọ́ọ̀dù. Ó ṣì kọ̀. Kí èèyàn dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ara rẹ̀, kí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ilẹ̀kùn má dá a mọ̀. Ó dùn mí ju bó ṣe yẹ lọ.

Mo wá àṣìṣe lọ nínú àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ náà: journalctl -b -p err. Ìlà pupa fòò lórí ìlà pupa fòò: "ACPI BIOS Error (bug): Could not resolve symbol". Alẹ́ méjì gbáko ni mo fi lé ìyẹn kiri, láìní ìdí. BIOS láptọ́ọ̀pù àtijọ́ yẹn, ètò tó ń jí i lálákọ̀ọ́kọ́, ló ń dárúkọ nǹkan tí àwọn tó ṣe é kò fi síbẹ̀. Linux tó ń darí ẹ̀rọ náà á ráhùn, á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ó ń kùn ni.

Tó bá dákẹ́ ni kẹ́ ẹ pè mí.

-p err yẹn, èmi ni mo ní kó fi kìkì èyí tó ń pariwo hàn mí. Ìgbà tí mo yọ ọ́ ni mo rí i: "ROOT LOGIN REFUSED". Ìlà kan péré, kò tiẹ̀ pupa. Mo bi sshd -T pé ètò wo ló ń tẹ̀ lé, ó ní PermitRootLogin no: kí root má wọlé rárá. Fáìlì kékeré kan nínú sshd_config.d ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Lórí Debian 12, irú Linux tí mò ń lò, òun ni sshd ń kà ṣáájú, èyí tó bá sì kọ́kọ́ kà ló máa ń gbà. Èmi ni mo kọ fáìlì náà, lọ́dún tó kọjá, nígbà tí ẹ̀rù ń bà mí.

Mo tún un ṣe, mo fi sshd -t yẹ̀ ẹ́ wò. N kò jáde kúrò lórí orúkọ tèmi títí ó fi yọrí, kí n má baà ti ara mi mọ́ta. Root wọlé. Mo rò pé inú mi máa dùn.

Àmọ́ mo ti rí àwọn yòókù. "Invalid user admin." "Invalid user test." Láti àdírẹ́ẹ̀sì tí n kò mọ̀, tọ̀sán-tòru. Ẹ̀rọ lásán ni, gbogbo ẹni tó bá ṣí pọ́ọ̀tù 22 ni wọ́n ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀, mo sì ti pa páásíwọ́ọ̀dù tipẹ́. Kíkùn nìyẹn náà. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rù èṣí yẹn, ó lè jẹ́ pé òun ló gbọ́n jù mí lọ lónìí. Ó lè jẹ́ pé sudo, tó ń yá orúkọ tèmi ní àṣẹ root, ló yẹ kí n máa lò, kí n dá no yẹn padà... N kò tíì mọ̀. Ó wà ní ṣíṣí báyìí.

Màámi ò pè lónìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń pè nítorí orúnkún wọn, mo sì ti di ẹni tó ń ṣe "ẹ pẹ̀lẹ́ mà" láìgbọ́ ohun tí wọ́n sọ. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá kó tó yé mi pé n kò tíì gbọ́ ohùn wọn. Ọwọ́ mi ń gbọ̀n bí mo ṣe ń pè. Wọ́n gbé e. Wọ́n ní oorun ló gbé àwọn lọ, pé ẹsẹ̀ òsì ló tún ń dun àwọn báyìí, kì í ṣe ọ̀tún mọ́. Mo jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ tán. Ó gbà wá tó ogún ìṣẹ́jú.