Àgbò Alhaji àti Dígí Ìyàwó Mi

Láti ìgbà tí ìjọba àpapọ̀ ti kéde ní ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ti lọ, tí náírà sì já wálẹ̀ ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, àgbò Iléyá ti kúrò lára ohun tí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ń rà. Ó ti di ohun tí a ń ná, tí a sì ń kí pé ó dàbọ̀. Èmi náà lọ kí wọn ní ọjà Bódìjà ní Ìbàdàn ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Iléyá ọdún 2025, ẹni tí kò sì lówó lọ́wọ́ kì í kánjú lọ́jà, nítorí náà mo fara balẹ̀ wo gbogbo wọn.

Àbókí tí ó kọ́kọ́ rí mi gbà pé oníbàárà gidi ni mí. Ó mú mi káàkiri, ó sì kọ́ mi ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́: èyí tí ó ga, tí ó funfun láti orí dé ìrù, tí etí rẹ̀ gùn, tí ó sì rọ̀ wálẹ̀, ni Bàlámì, èyí tí ó funfun ṣùgbọ́n tí dúdú yí ojú, etí àti imú rẹ̀ ká ni Yànkásà, èyí tí iwájú rẹ̀ dúdú tàbí pupa, tí ẹ̀yìn rẹ̀ wá funfun, ni Údà. Mo béèrè oúnjẹ wọn, mo béèrè ọjọ́ orí wọn, mo tilẹ̀ wo eyín ọ̀kan. Nígbà tí ó wá dárúkọ owó Bàlámì náà, mo rí i pé owó oṣù mi mẹ́rin kò lè rà á. Ìjọba ti sọ ọ́ di òfin ní oṣù keje ọdún 2024 pé owó oṣù tí ó kéré jù lọ kò gbọdọ̀ dín ní 70,000 náírà, ṣùgbọ́n kò jọ pé ẹnikẹ́ni fi tó àwọn àgbò létí. Àwọn àgbà ní ohun tí a ń wá lọ sí Sókótó, inú àpò ṣòkòtò ni ó wà. Mo ti ọwọ́ bọ àpò ṣòkòtò mi níbẹ̀, owó ọkọ̀ tí n ó wọ̀ padà sílé ni mo bá.

Ní ti òfin ẹ̀sìn, ọkàn wa balẹ̀. Lèmọ́ọ̀mù àdúgbò wa ti ṣàlàyé lórí mínbárì pé ẹni tí agbára rẹ̀ ká a ni ọ̀rọ̀ pípa ẹran kàn, ó sì ka ẹsẹ̀ 37 nínú Súrátùl-Hájì inú Àlùkùráánì fún wa, níbi tí Ọlọ́run ti sọ pé ẹran wọn àti ẹ̀jẹ̀ wọn kì í dé ọ̀dọ̀ Òun, bí kò ṣe ìbẹ̀rù Ọlọ́run tí ó ti ọkàn yín wá. Èmi àti ìyá àwọn ọmọ ṣe àmín sí i tọkàntọkàn, a sì fẹnu kò sí adìyẹ méjì. Ṣùgbọ́n wáàsí kì í wọ ọmọdé létí nígbà tí igbe àgbò bá ń wá láti ilé onílé.

Ọ̀sán ọjọ́ kejì ni Alhaji tí ó ń gbé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé wa já Údà ńlá kan bọ́ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀. Nítorí pé ẹ̀gbẹ́ fèrèsé wa nìkan ni ilẹ̀ ti ṣófo, ibẹ̀ ni wọ́n so ó mọ́. Alhaji ní, “Tíṣà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bá mi fojú sí i.” Kí n tó dáhùn, ọmọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti fojú sí i, wọ́n ti fọwọ́ sí i, wọ́n sì ti sọ ọ́ lórúkọ. Lọ́yà ni wọ́n pè é, nítorí pé láti ọrùn dé àárín rẹ̀, ó dúdú bí ẹni tí ó wọ gáùn lọ sílé ẹjọ́. Àwọn ọmọ tí kì í gbọ́ iṣẹ́ tí a bá rán wọn wá di ẹni tí ó ń jí ní ìdájí láti lọ já ewé, wọ́n ń tọrọ èèpo iṣu kiri láti ojúlé dé ojúlé, wọ́n sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jà ní ọjọ́ kan lórí ẹni tí yóò bu omi fún un. Ọmọ Alhaji gan-an kò mọ àwọ̀ àgbò náà, nítorí tẹlifíṣọ̀n ni ó ń wò lókè.

Èmi náà kò ṣàìjẹ nínú ìgbádùn yìí. Ẹni tí ó bá ń kọjá lọ yóò rí mi lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbò, yóò wò ó lókè, yóò wò ó nílẹ̀, yóò sì ní, “Bàbá, ẹ kú ìnáwó o! Ọlọ́run á fi òmíràn rọ́pò.” Èmi a ní, “Àmín.” Àdúrà ni wọ́n kúkú ṣe, ta ni í kọ àdúrà? Bàbá kan tilẹ̀ bi mí ní iye tí mo rà á. Mo sọ fún un pé nǹkan ti wọ́n, òtítọ́ sì ni mo sọ.

Ìyàwó mi ní kọ́bọ́ọ̀dù kan nínú yàrá, tí wọ́n fi dígí gígùn sí ìlẹ̀kùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fẹ́ irú rẹ̀. Àlòkù ni a rà, díẹ̀díẹ̀ ni a sì san owó rẹ̀, kò sì sí aṣọ tí ó wọ̀ ní ọdún náà tí kò kọ́kọ́ bá dígí náà jíròrò. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àráfà, ọjọ́ tí ó ṣáájú Iléyá, tí ó bọ́ sí Ọjọ́bọ̀, èmi àti rẹ̀ wà nínú ààwẹ̀, òun wà ní ilé ìdáná tí ó ń se ohun tí a ó fi ṣínu, òjò oṣù kẹfà sì ṣàdédé dé pẹ̀lú ìjì. Àwọn ọmọ gbé ìgbìmọ̀ kalẹ̀, wọ́n pinnu pé òtútù yóò pa Lọ́yà, wọ́n tú u, wọ́n sì fà á wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Lọ́yà kò dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ilẹ̀kùn yàrá wa ni ó rí tí ó ṣí sílẹ̀.

Mo dé ẹnu ọ̀nà yàrá ní àkókò tí ó dúró síwájú kọ́bọ́ọ̀dù, tí ó ń wo àgbò mìíràn tí ó wọ irú gáùn tirẹ̀. Ó fọn imú, ìyẹn náà fọn imú. Ó gbọn ìwo, ìyẹn náà gbọn ìwo. Ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹ̀yìn rìn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, títí tí ìdí rẹ̀ fi kan bẹ́ẹ̀dì wa. Mo ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi pé àgbò tí ó tàdí mẹ́yìn, agbára ni ó lọ mú wá, ṣùgbọ́n n kò rí i rí kí òwe wọ yàrá mi. Mo ní, “Lọ́yà, jọ̀ọ́!” Ó ti gbéra.

Ariwo tí ó sọ kò ṣeé fẹnu sọ. Nígbà tí dígí já bọ́ tán, tí ọ̀tá rẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, àgbò náà gbé orí sókè, ó sì yí padà sí wa bí ẹni tí ó ń dúró de owó iṣẹ́. Ìyàwó mi dé pẹ̀lú orógùn lọ́wọ́. Ó wo ilẹ̀, ó wo kọ́bọ́ọ̀dù, ó wo àgbò, ó wò mí. Ó ní, “Olówó orí mi.” Bí ó bá ti pè mí bẹ́ẹ̀, kì í dára. Ó wá wo aago, ó rántí pé alááwẹ̀ kì í jà, ó sì ní òun yóò bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn ìrun Màgàríbì.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rù dígí kọ́ ni ó ń bà mí. Ohun tí Lèmọ́ọ̀mù sọ ni mo rántí, pé ẹran tí ó fọ́jú kan, tàbí tí ó ń tiro, kò tọ́ fún Iléyá. Bí àfọ́kù dígí bá ti wọ ojú Lọ́yà, á jẹ́ pé èmi tí n kò lè ra àgbò fún ara mi ni yóò ra Údà fún Alhaji kí ilẹ̀ tó mọ́. Bí mo ṣe kúnlẹ̀ níwájú ẹran nìyẹn, tí mo tan tọ́ọ̀ṣì sí i lójú ọ̀tún, tí mo tan án sí i lójú òsì, tí mo sì ń mú èèpo iṣu lọ mú un bọ̀ láti mọ̀ bóyá yóò fi ojú tẹ̀ lé e. Ó fi ẹnu tẹ̀ lé e, ó já a gbà. A ní kí àkọ́bí mi fà á rìn ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kí a wo ẹsẹ̀ rẹ̀, àyà mi sì já, nítorí pé ó ń tiro. Mo ti ń ṣírò iye ọdún tí n ó fi san gbèsè náà kí àbíkẹ́yìn tó sọ pé, “Bàámi, okùn rẹ̀ ló há mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.” A yọ okùn. Lọ́yà rìn dáadáa.

Bí Alhaji ṣe sọ̀ kalẹ̀ tí ó rí ohun tí ó ṣẹlẹ̀, ẹran rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò, èmi kò sì bá a wí. Lẹ́yìn náà ni ó rí ilẹ̀ yàrá, ó di orí mú, ó ní òun yóò san owó dígí. Ìyàwó mi, tí ó ti ṣínu nígbà náà, ní kí ó má ṣe bẹ́ẹ̀, pé ilé kan náà ni a jọ ń gbé. Ó yà mí lẹ́nu, mo sì dákẹ́, nítorí pé ọ̀rọ̀ tí ó fẹ́ bá mi sọ lẹ́yìn Màgàríbì kò tíì jáde.

Ní ọjọ́ Iléyá, a ti yídì dé, wọ́n pa ẹran, Alhaji sì fi odindi apá kan àti díẹ̀ nínú ẹ̀dọ̀ ránṣẹ́ sí wa, ó ní ìpín aládùúgbò nìyẹn, kí a tún fi gba ìpẹ̀. Àwọn ọmọ ti búra pé àwọn kò ní jẹ nínú ẹran Lọ́yà láéláé. Ìbúra náà lágbára títí tí ìyá wọn fi da ẹran sínú epo gbígbóná. Àbíkẹ́yìn ni ó kọ́kọ́ wá bi í bóyá èyí tí ó ń dín yìí dá a lójú pé Lọ́yà ni, ó sì na ọwọ́ kí ó tó gbọ́ èsì. A jẹ ẹran, a jẹ adìyẹ méjèèjì, àwọn tí wọ́n kí mi kú ìnáwó sì wá jẹ tiwọn pẹ̀lú.

Títí di òní, a kò tíì ra dígí mìíràn. Àfọ́kù tí ó tóbi jù lọ ni a lẹ̀ padà mọ́ ìlẹ̀kùn náà, láti àyà lọ sí ìsàlẹ̀. Bí ìyàwó mi bá wé gèlè, àwọn ọmọ ni ó ń dúró síwájú wọn, ọ̀kan á ní ó wọ́, èkejì á ní ó dára, ìkẹta á béèrè ibi tí a ń lọ àti bóyá ìrẹsì máa wà níbẹ̀, ẹ̀rín ni wọ́n sì fi ń parí rẹ̀. Èmi kì í bi ẹnikẹ́ni. Mo máa ń dúró síbẹ̀ láàárọ̀, n ó wo ọkùnrin tí mo rí nínú dígí, tí kò ní orí tí yóò fi ro owó ilé ẹ̀kọ́, n ó tún bẹ́líìtì rẹ̀ ṣe, n ó sì gba ibi iṣẹ́ lọ.